Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi lórí egbò ẹsẹ̀ Mọ́mì

Ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo gbọ́ voice note ẹ, mo gbọ́ bó o ṣe ń mí kanlẹ̀. O ní egbò tí àtọ̀gbẹ fà sábẹ́ ẹsẹ̀ Mọ́mì ti lé lóṣù méjì, wọ́n ń lo antibayọ́tíìkì, kò jinná, o wá ń bi mí pé ṣé ara wọn ò ní ọmọ ogun tó lè jà mọ́ ni. Ó ní o! Wọ́n tiẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀, wọn ò kàn fẹ́ lọ sílé ni.

Ṣó o rí i, tí awọ bá ya, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó ń jẹ́ neutrophil ló máa ń kọ́kọ́ sáré dé, láàárín wákàtí díẹ̀, á máa gbé kòkòrò mì, nígbà míì á tú DNA inú ara ẹ̀ jáde bí àwọ̀n kí kòkòrò lè há sí i (2004 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣàlàyé àwọ̀n yẹn, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu). Lẹ́yìn náà ni macrophage, sẹ́ẹ̀lì míì tó máa ń gbé nǹkan mì, á dé, á kó òkú neutrophil jẹ, tó bá jẹ ẹ́ tán ìwà ẹ̀ á yí padà, á fi ìjà sílẹ̀, á wá máa ránṣẹ́ pe iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun àti ẹran tuntun.

Ibẹ̀ ni àtọ̀gbẹ ti ń dà á rú. Tí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀, neutrophil ò ní lè pa kòkòrò dáadáa mọ́, àmọ́ á máa da àwọ̀n kiri, macrophage náà ò ní rí òkú kó tán, kò sì ní kúrò nídìí ìjà. Ó dà bí ẹni tó wá wó ògiri, wọ́n ní kó mọ tuntun, kò sọ òòlù sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ló ń fọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mò ń wẹ irú ẹ̀ fún bàbá kan, etí egbò le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, nǹkan yẹ́lò kan lẹ̀ pinpin mọ́ inú ẹ̀, òkú neutrophil kún inú ìyẹn náà, mo fi bíléèdì ń ha á, bàbá ń bá mi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ, wọn ò mọ nǹkan kan lára, torí àtọ̀gbẹ ti ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ jẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa Mọ́mì nìyẹn, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ torí kò dùn wọ́n, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ ni neutrophil tuntun tún ń dé.

Antibayọ́tíìkì ò lè lé àwọn neutrophil yẹn sílé jàre, kòkòrò ló wà fún. Bi dọ́kítà nípa bàtà tí ò ní jẹ́ kí ìwúwo ara máa tẹ egbò yẹn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀ dáadáa, kí wọ́n máa ha òkú ẹran ibẹ̀ kúrò, kí ṣúgà sì wálẹ̀. Tó bá pọ́n, tó ń rùn, tàbí tí ibà bá dé, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ya fọ́tò ẹ̀ fún mi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ bándéèjì, kó o fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí n lè mọ̀ bóyá ó ń kéré sí i. Bá mi kí Mọ́mì o.

Èmi ni tìẹ