Ṣé PhD ló ń ṣèwádìí ni?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ bá mi bi ẹni tó kọ̀wé sí yín pé ẹni tí ò bá ní PhD, ìyẹn oyè ọ̀mọ̀wé ti yunifásítì, ò gbọdọ̀ gbé ìwádìí jáde, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Lọ́dún 2010, àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Blackawton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 8 sí 10 o, ṣèwádìí lórí bí oyin ṣe ń fi àwọ̀ mọ ibi tí oúnjẹ wà, jọ́nà Biology Letters, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń gbé ìwádìí jáde nínú rẹ̀, sì gbé e jáde tòun ti àwòrán tí wọ́n fi pẹ́ńsù aláwọ̀ yà. Lóòótọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan wà pẹ̀lú wọn, àmọ́ ìbéèrè àwọn ọmọ yẹn ni.

David Smith ńkọ́? Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, òun ló rí táìlì kan ṣoṣo tó lè bo gbogbo ilẹ̀ láìsí pé pátánì kan náà ń padà wá léraléra, àwọn onímọ̀ ìṣirò ti wá a tipẹ́, ó wá ké sí àwọn tó lè bá a kọ ẹ̀rí rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì gbé e síta lọ́dún 2023 orúkọ tiẹ̀ ló ṣíwájú.

Owó táwọn jọ́nà míì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ìwádìí ló ń dí wa lọ́nà jù, kí ẹni tó kọ̀wé sí yín yẹn kọ̀wé lórí ìyẹn jàre.

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn