Lẹ́tà sí Adébísí lórí ọ̀rọ̀ owó Ìyá Àgbà

Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.

Adébísí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ara gbogbo wa le níhìn-ín. Mọ́remí ti bí ọkùnrin, Ìyá Alákàrà sì ń béèrè rẹ.

Ọ̀rọ̀ tí kò lè dúró di ìgbà tí o bá wálé ni ti páànù tí Ìyá Àgbà fi pamọ́ sábẹ́ àwọn aṣọ òkè rẹ̀. Bùrọ̀dá Délé ti ṣí i, owó àtijọ́ ti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀. Kọ́bọ̀ tó ní ihò láàrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nínì, tọ́rọ́ àti ṣílè díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní lẹ́tà H tàbí KN lára. Birmingham tí o wà yẹn gan-an ni wọ́n ti rọ wọ́n, ní ilé-iṣẹ́ Heaton àti ti Kings Norton.

Oníṣòwò kan ti sọ fún Bùrọ̀dá pé kọ́bọ̀ 1936 tí orúkọ Edward Kẹjọ wà lára rẹ̀ tó owó ilẹ̀. Òótọ́ ni pé ọba náà fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà láìtíì dé adé, tí owó tó ní àwòrán orí rẹ̀ kò sì di ohun tí àwọn ará Ìlú Ọba ń ná. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ oníhò ti ọ̀dọ̀ wa kò ní orí ọba kankan lára, orúkọ nìkan ni wọ́n kọ sí i, wọ́n sì rọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Ìdí nìyí tó fi kún inú páànù àwọn ìyá wa.

Èyí tí ọkàn mi wà lára rẹ̀ ni ṣílè 1913 kan. Fàdákà 925 nínú 1000 ni wọ́n fi ṣe irú rẹ̀, kí fàdákà tó wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo idẹ ní 1920. Mo gbé e sórí ìwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 5.65, bó ṣe yẹ. Àwọn ilà wẹ́wẹ́ tó yí etí rẹ̀ ká pé pérépéré, n kò sì rí ojú ìsopọ̀ tí ayédèrú tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù sábà máa ń ní. Imọ̀ ọ̀pẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì hàn kedere. Adé ọba nìkan ló ti jẹ díẹ̀, bóyá láti ọwọ́ Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀, àwọ̀ eérú kan tó lẹ́wà sì ti bò ó.

Àwọ̀ yẹn ni Bùrọ̀dá fẹ́ kí alágbẹ̀dẹ họ kúrò, kó lè máa dán kí oníṣòwò náà tó dé! Adébísí, bí wọ́n bá họ ọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn tó ń díwọ̀n owó àtijọ́ láti 1 dé 70, irú PCGS àti NGC ní Amẹ́ríkà, kì í fún owó tí a ti họ ní òǹkà; ohun tí wọn yóò kọ sára àpótí rẹ̀ ni pé a ti fọ̀ ọ́, àwọn olùrà yóò sì já owó rẹ̀ wálẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, mo ti bínú, ó ní mo fẹ́ràn ìdọ̀tí. Ní báyìí, abẹ́ ibùsùn mi ni páànù náà wà, oorun mi kò sì já geere mọ́.

Ìwọ ni ó máa ń gbọ́ sí lẹ́nu, láti ìgbà ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́yẹlé yẹn. Mo fi àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn ṣílè náà sínú ìwé yìí. Jọ̀wọ́, fi han ẹni tó mọ̀ nípa owó àtijọ́ níbẹ̀, kí o sì pe Bùrọ̀dá lórí fóònù kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo kọ̀wé sí ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Fọlákẹ́