Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó sanwó ọ̀rọ̀ orí rédíò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Aránṣọ ni mí ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Rédíò kékeré kan wà tí mo fi kọ́ ìṣó lókè máṣíìnì mi. Bí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, kì í dákẹ́ mọ́ títí a ó fi ṣíwọ́. Ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò mọ̀wé kà, àmọ́ kò sí kọmíṣánnà tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Rédíò ló ti gbọ́ ọ.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kan fi ń dùn mí láti ìgbà ìpolongo ìbò tó kọjá. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa fẹ́ràn fi odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yin olùdíje kan, ó ń ka iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin náà jáde bí ẹni ń ka ìròyìn. Ó ní ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àdúgbò kan báyìí. Àdúgbò ẹ̀gbọ́n mi ni! Mo pè é, ó ní garawa lòun ṣì fi ń pọnmi láti òpópónà kejì. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ó wò mí títí, ó ní, "Télọ̀, ṣé rédíò náà á wá máa parọ́ ni?" Ẹ̀yìn ìbò la tó gbọ́ pé olùdíje náà ló sanwó ètò ọ̀hún.

Mi ò ní kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ má gbowó. Ó ń ra àkókò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rédíò, ó sì gbọ́dọ̀ rí owó náà padà. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé kó sọ ọ́. Ìlànà NBC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, pàápàá kò gbà kéèyàn fowó ra ìròyìn.

Àwọn oníròyìn ti fojú winá nítorí wa nílẹ̀ yìí. Ní 1984, Decree 4, òfin tí ìjọba ológun fi ń de àwọn oníròyìn, rán akọ̀ròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, lọ sẹ́wọ̀n. Bọ́ǹbù inú lẹ́tà ló pa Délé Gíwá, olóòtú ìwé ìròyìn Newswatch, nílé rẹ̀ n'Ìkẹjà ní 1986. Nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò June 12, 1993, tí ológun ń ti iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn pa, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn TELL. Bàbá mi á ká a sábẹ́ dàńṣíkí kó tó wọlé, á tilẹ̀kùn, á wá máa kà á sókè fún wa. Ẹ̀mí àwọn èèyàn ló wà nínú ìwé yẹn. Ìdí tí inú fi ń bí mi nìyẹn bí mo bá rí i tí wọ́n ń ta irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ ní wákàtí wákàtí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn iléeṣẹ́ rédíò. Kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá tó yéni, níbẹ̀rẹ̀ ètò, láàárín, àti níparí: "Lágbájá ló sanwó ètò yìí." Ẹ̀yin náà ńkọ́, olóòtú? Ìpolówó olóṣèlú tó ń bo gbogbo ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ má fi lẹ́tà tíńtín kọ ọ́ sí igun pé ìpolówó ni. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà.

Ìbò 2027 ń bọ̀. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ṣì ń gbọ́ ètò àárọ̀ náà lójoojúmọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aránṣọ kan,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.