Àníkẹ́, afárá ń bọ̀ wá gba pálọ̀ wa kọjá

Ìkòròdú,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àníkẹ́ elérèé,

Má bínú pé mi ò fèsì ohùn tó o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá. Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, nítorí ibi tó o ti ń sín ọ̀gá yín jẹ, èyí tó ń pè ọ́ ní "Annie". Ṣùgbọ́n ohun tó wà nílẹ̀ níbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀, dátà mi á tán kí n tó dé ibi tó dùn. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó ti bébà, bíi ti ìgbà tá a wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Màámi wà, orúnkún ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn ìbejì ti ń rìn, wọ́n ti fọ́ gíláàsì tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ iná, má wulẹ̀ béèrè.

Ó yá, wá gbọ́.

Ṣé o rántí afárá kẹrin? Fourth Mainland tí wọ́n ti ń dá lábàá látìgbà tí Tinubu ti ń ṣe gómìnà, tí Bàbá yín máa ń sọ pé tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, kí ẹ gbé pósí àwọn gba orí rẹ̀ kọjá kí àwọn náà lè jẹ̀gbádùn ìjọba lẹ́ẹ̀kan? Ó fẹ́ yọjú o. Ní ìparí 2022 ni wọ́n kéde àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n yàn láàyò láti kọ́ ọ, iléeṣẹ́ CCECC pẹ̀lú CRCCIG, kálukú sì rẹ́rìn-ín, a ní a ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Nǹkan bíi kìlómítà 38 ni gígùn rẹ̀. Third Mainland tá à ń pariwo, kò pé 12. Á gbéra ní Abraham Adesanya ní ìhà Ajah, á gba orí ọ̀sà bọ́ sí apá Baiyeku, á kọjá ní Itamaga, á gba Isawo, kó tó lọ já sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. O mọ ẹni tó ń gbé lójú ọ̀nà yẹn. Èmi ni. Ìwọ náà ni, bí ilé Bàbá yín bá ṣì jẹ́ ilé rẹ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọn ò sọ ẹni tó rán wọn. Wọ́n wo inú ẹ̀rọ, wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n ra àgbàdo sísè, wọ́n lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, X pupa, àmì pé wọ́n fẹ́ wó o, ti wà lára ilé mẹ́sàn-án. Wọ́n kọ tiwa sábẹ́ fèrèsé yàrá Màámi. Tiyín, ara géètì ni, lórí ibi tí ìwọ ti kọ "Má tọ̀ síbí" lọ́jọ́ sí.

Ṣùgbọ́n Àníkẹ́, nínú X mẹ́sàn-án yẹn, ọ̀kan wà tí kò bá ẹgbẹ́ mu. O rántí Akápò tó jẹ owó bọ́ọ̀sì ìpàgọ́? Òun náà ló tún ń ṣe akápò ẹgbẹ́ àwọn onílé báyìí, má bi mí léèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní ilé kan tí kò tíì parí ní ìpẹ̀kun òpópónà, létí kànáàlì, ilé tí ewúrẹ́ ti ń bímọ sí láti ọdún mẹ́jọ. Ibẹ̀ jìnnà sí ojú ọ̀nà tí àwọn ọkùnrin yẹn wọ̀n. Òun náà ní X. Ti àwa mẹ́jọ yòókù pọ́n bí epo pupa, tiẹ̀ wá dúdú díẹ̀, ó sì jọ ọ̀dà géètì ilé rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń wo dígí. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi èékánná họ ọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní, "Èyí ò tíì gbẹ."

A rò pé orí rẹ̀ ló dàrú, àfìgbà tí lọ́yà tí a pè wá ṣàlàyé òfin ilẹ̀ ti 1978 fún wa. Ó ní bí ìjọba bá gba ilẹ̀, ohun tí èèyàn kọ́ sórí rẹ̀ ni wọ́n ń ṣírò owó rẹ̀ san, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń lọ lọ́jà. Gbogbo wa dákẹ́. Akápò nìkan ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, à ń gbọ́ tí wọ́n ń já búlọ́ọ̀kù. Ní ìpàdé, òun ló ń pariwo jù: "A ò fẹ́! A ò gbà!" Tilẹ̀ bá ṣú, á máa bẹ bíríkìlà kó yára.

Ìpàdé náà, à bá rí ẹ níbẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò Alága la ti ń ṣe é. Mẹ́gáfóònù ò ní bátìrì, síbẹ̀ Alága gbé e sẹ́nu. Ọmọ onílẹ̀ tó ta ilẹ̀ fún wa lẹ́ẹ̀mejì wà níbẹ̀, ó ní òun wá gbà wá nímọ̀ràn. Wọ́n ka ìwé kan sókè, pé iye ilé tí afárá máa kàn ti dín láti ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé sí 800. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Màámi nawọ́ sókè láti orí àga, wọ́n ní, "800 yẹn, ṣé tiwa wà níbẹ̀, àbí ó wà nínú èyí tí ẹ yọ?" Alága yí ojú ìwé náà síwá sẹ́yìn bí ẹni pé èsì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọmọkùnrin kan dìde, ayálégbé ni, Lekki ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń kúrò nílé, kí n lọ gba Third Mainland yípo. Kí n tó padà, ọmọ mi ti sùn. Ó pé ọdún méjì, bọ̀ọ̀dá ló ń pè mí. Èmi fẹ́ afárá yìí." Wọ́n fẹ́ gé e jẹ lóòótọ́. Èmi dákẹ́, torí ọdún mẹ́fà ni èmi náà fi rin ọ̀nà yẹn, o sì mọ̀ pé mo ti gbààwẹ̀ lórí afárá yìí rí. Ẹni tó gbààwẹ̀ fún nǹkan, tí nǹkan ọ̀hún wá dé, tó ní òun fẹ́ gba pálọ̀ kọjá, kí ló fẹ́ sọ?

Ohun tó ń já mi láyà jù kì í tilẹ̀ ṣe afárá. Àwọn tírélà tó máa gba orí rẹ̀ ni. Wọ́n ti ṣí èbúté tuntun ní Lekki láti 2023, ilé ìfọpo Dangote wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá kó ẹrù níbẹ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn títí dé Òkè Ọya, ọ̀nà wo ló tún máa yá a ju tiwa lọ? O rántí Apapa bí tírélà ṣe dí ọ̀nà rẹ̀, o rántí alẹ́ tá a sùn ní Mile 2, mi ò ní tún un sọ. Òfin ìrìnnà Èkó ti 2012 ní kí tírélà má rìn láàárín ìlú láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́. Tá a bá sọ fún àwọn awakọ̀, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ní oṣù kìíní 2023, kọ̀nténà já láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba lu bọ́ọ̀sì, èèyàn 9 ló bá a lọ. Mo ti gba abẹ́ afárá yẹn ní wákàtí méjì ṣáájú. Mi ò sọ fún ọ nígbà yẹn.

Ohun mìíràn tí mi ò sọ fún ọ: ní oṣù tó kọjá, típà oníyanrìn kan já bọ́ sínú gọ́tà níwájú ilé ìwé, nígbà tí àwọn ọmọ ń jáde. Kò pa ẹnikẹ́ni. Bàtà ọmọ mi ọkùnrin wà lábẹ́ táyà, ẹsẹ̀ òsì. Ó wá sílé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń ké pé mo máa na òun torí bàtà tuntun. Mo ra òmíràn fún un. Àsè ìrẹsì ni mo se lọ́jọ́ náà, mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Nítorí náà, mo bá wọn kọ ìwé kan sí ìjọba. A ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe afárá. Ọmọkùnrin Lekki yẹn náà fọwọ́ sí i. A ní kí wọ́n jẹ́ ká rí àyẹ̀wò àyíká tí òfin 1992 ní kí wọ́n ṣe kí iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀, kí ibi tí ọkọ̀ á ti máa sọ̀ kalẹ̀ jìnnà sí ilé ìwé, kí wọ́n sì la ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún tírélà. Akápò fẹ́ ká fi kún un pé kí owó tètè jáde.

Màámi ò dá sí i mọ́ láti ọjọ́ ìpàdé. O mọ̀ pé Maroko ni àbúrò wọn ń gbé. Ní 1990, ọdún kan náà tí Babangida ṣí Third Mainland, ni ìjọba wó àdúgbò Maroko, tí àǹtí yẹn fi gbé mátírẹ́ẹ̀sì kan àti ẹ̀rọ ìlọta dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rọ náà ṣì wà ní kíṣìnnì. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni Màámi ń gbálẹ̀ ojú oórì Bàámi. Orúnkún tí wọ́n ní ó ń dùn wọ́n, kì í dí wọn lọ́wọ́ ìyẹn.

Àníkẹ́, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n gé fún bàbá mi àti bàbá rẹ. Rìsíìtì olóǹtẹ̀ àtàǹpàkò nìkan ni tiwa. Bàbá tiyín ṣe sọ́fè, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, torí wọ́n pa àgbò lọ́jọ́ náà. Lọ́yà ní tí a bá rí ìwé sọ́fè yẹn, a lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjọba ní Alausa kí wọ́n gbé e lé máàpù, ká mọ̀ bóyá ojú ọ̀nà afárá la wà lóòótọ́ tàbí ẹ̀bá rẹ̀. Ó wà nínú àpótí páànù lọ́dọ̀ bọ̀ọ̀dá rẹ ní Abẹ́òkúta. Mo pè wọ́n nígbà mẹ́rin. Nígbà karùn-ún, ìyàwó wọn ní wọ́n ti lọ sóko. Oko wo? Bá mi pè wọ́n, ìwọ ni wọ́n máa dá lóhùn. Mo mọ ohun tó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì látìgbà ìsìnkú. Mi ò bá má bẹ̀ ọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ la máa gbé ìwé náà lọ.

Mo sì ti buwọ́ lùwé ọ̀hún lórúkọ rẹ. Ìbúwọ́lùwé rẹ ti fọ́ọ̀mù kẹrin ni mo lò, èyí tó ní òdòdó nídìí.

Èmi ni,
Àdùkẹ́ tìẹ.

Mo gbàgbé: Akápò ti kan páànù tán. Aláwọ̀ ewé ni. Ewúrẹ́ wá dúró níta géètì, wọ́n ń wò ó.