Olóòtú, Ẹ Wá Àyè fún Ìwé Nínú Ìwé Ìròyìn Wa

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Télọ̀ ni mí ní Mọ́níyà níbí, n'Ìbàdàn, ó ti lé lọ́dún márùndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń ránṣọ, gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ìwé ìròyìn yín bá ti jáde ni ọ̀kan máa ń wà lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, màá kà á tán, àwọn ọmọṣẹ́ á kà á tán, oníbàárà tó bá jókòó tó ń dúró de aṣọ ẹ̀ náà á kà á.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló bi mí ní ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Wọ́n ti mú iná lọ, kò sẹ́ni tó lè lọ aṣọ, ó wá ní, "Àǹtí, fóònù ti sú mi, ìwé wo ni mo lè máa kà tí kì í ṣe ti JAMB?" Mo fẹ́ dá a lóhùn kíá, ọ̀rọ̀ ò tètè jáde, torí àwọn tó wá sí mi lọ́kàn pọ̀, mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Mo wá mú ìwé ìròyìn yín, mo ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, òṣèlú wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, òṣèré tó kọ ọkọ wà níbẹ̀, mi ò rí ibì kankan tí ẹnikẹ́ni ti sọ pé ìwé báyìí dáa, ẹ lọ wá a kà. Ó dùn mí o. Ṣebí inú ìwé ìròyìn gan-an ni wọ́n bí ìwé ìtàn-àròsọ Yorùbá sí.

Lọ́dún 1929, I.B. Thomas tó ni Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà kan jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Obìnrin kan tó pe ara ẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ló ń kọ ọ́ sí olóòtú, bí mo ṣe ń kọ eléyìí sí yín gẹ́lẹ́, ó ní àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, òun fẹ́ jẹ́wọ́ bí òun ṣe fi ẹwà jayé l'Ékòó, gbogbo ọkùnrin tí òun fẹ́, gbogbo ẹni tí òun tàn jẹ. Àwọn òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni, àánú ẹ̀ ń ṣe wọ́n, àwọn kan ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn nítorí ẹ̀. Thomas fúnra ẹ̀ ló jókòó tó ń kọ gbogbo ẹ̀! Ní 1930 ló kó o pọ̀ di ìwé, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló sì gbà pé òun ni ìwé ìtàn-àròsọ àkọ́kọ́ lédè wa, ọdún mẹ́jọ kí Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà tó jáde ní 1938. Karin Barber, òyìnbó tó gbọ́ Yorùbá dénú, tún un gbé jáde ní 2012, Yorùbá àti òyìnbó jọ wà nínú ẹ̀. Ìwé yẹn ni mo kọ́kọ́ dárúkọ fún ọmọ náà. Mo sọ fún un pé kó fara balẹ̀ pẹ̀lú èdè ẹ̀, torí Yorùbá Èkó ayé àtijọ́ ni, orin ìgboro ń wọ inú ẹsẹ Bíbélì, ẹsẹ Bíbélì ń wọ inú òwe, obìnrin náà á máa sunkún ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀, bó bá sì dé ibi tó ti ń ròyìn aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tó ń jayé, ẹ ó rí i pé inú ẹ̀ ṣì ń dùn sí i. Ibẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀.

Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí Fágúnwà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ẹni tí ò bá sì tíì kà á, kó lọ kà á.

Ti Ó Le Kú ni mo fẹ́ sọ, torí ọ̀rọ̀ èmi àti ìwé yẹn ti wọ inú iṣẹ́ mi. Ní 1997 tí Túndé Kèlání gbé fíìmù ẹ̀ jáde, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ká tó mọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn obìnrin ti ń gbé ìró odindi wá pé ká bá àwọn gé e kù, kó má kọjá orúnkún, kí ọwọ́ bùbá fẹ̀ dáadáa, kó sì balẹ̀. Oleku, oleku, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìgboro ń pè é. Mo gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìró lọ́dún náà láìmọ̀ pé ìwé ló bí fíìmù ọ̀hún, àfìgbà tí mo rí i nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ògbólógbòó ìwé ní Dùgbẹ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, ọdún 1974 ló jáde. Ọ̀rọ̀ Àjàní ni, ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ẹ máa gbọ́ pé ìwé ìfẹ́ lásán ni, ẹ má gbà. Ìṣọ̀lá jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ogún ọdún ṣe ń sọ̀rọ̀, kò fi ẹnu àgbà sí wọn lẹ́nu, síbẹ̀ Yorùbá ẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo mọ ìwé púpọ̀ tí gbogbo èèyàn inú ẹ̀, àtọmọdé àtàgbà, ń pa òwe bíi baálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé kẹ́ ẹ tó wo fíìmù. Ti Ṣaworoidẹ ní tiẹ̀, fíìmù ló kọ́kọ́ jáde ní 1999, Ìṣọ̀lá wá sọ ọ́ di ìwé lẹ́yìn náà, ìyẹn ẹ lè wò ó kẹ́ ẹ tó kà á, kò sóhun tó máa bàjẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn onífíìmù wa ti ṣẹ̀ wá, kó wá ìwé tí Ebun Clark kọ lórí Hubert Ògúndé ní 1979. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé náà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ nípọn. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí i bí ọlọ́pàá ṣe bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀ tó di ọ̀gá onítíátà, àti bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe fòfin de ẹgbẹ́ ẹ̀ ní 1964 nítorí eré Yorùbá Ronú.

Sáyẹ́ǹsì wá ńkọ́? Ọmọ náà fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, torí ẹ̀ ni mo ṣe yọ ìwé Rebecca Skloot fún un látinú àpótí mi, èyí tó kọ ní 2010 lórí Henrietta Lacks. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni Henrietta, oko tábà ló dàgbà sí ní Virginia, l'Amẹ́ríkà, ó bímọ márùn-ún. Jẹjẹrẹ mú un ní ẹnu ilé ọmọ, ó lọ sí ọsibítù Johns Hopkins ní Baltimore, àwọn dókítà sì gé díẹ̀ lára ẹ̀ láìgbàyè lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kú lọ́dún 1951 náà, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara èèyàn, èyí tí wọ́n gé lára ẹ̀ ò kú o. Ti àwọn èèyàn yòókù máa ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ nínú làábù, tiẹ̀ ń di ìlọ́po méjì lójoojúmọ́, wọ́n sọ ọ́ ní HeLa, wọ́n ń kó o káàkiri ayé, òun ni wọ́n fi dán abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ wò, wọ́n tiẹ̀ gbé e lọ sí òfurufú. Ọkọ ẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀ títí di 1973, àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ẹran ara ìyá wọn pawó yìí, owó ọsibítù ń ṣòro fún wọn láti san.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń tún kà. Deborah, ọmọ Henrietta obìnrin, kéré gan-an nígbà tí ìyá ẹ̀ kú, kò mọ ojú ẹ̀. Ó ti di àgbàlagbà kí ẹnì kan tó mú un wọ làábù, wọ́n ṣí fíríìsà, wọ́n fi ìgò tíntìn kan sí i lọ́wọ́ tí sẹ́ẹ̀lì ìyá ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ó ní òtútù ń mú ìyá òun. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ èémí ẹnu sí i kó lè móoru. Mo ka ibẹ̀ lójọ́ kan tí mo ń tẹ kọ́là aṣọ, mo ní láti gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Deborah kú ní 2009, ìwé ò tíì jáde. Wọ́n ti fi ṣe fíìmù ní 2017, Oprah Winfrey ló ṣe Deborah, ó dáa, àmọ́ ìwé ló ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì ibẹ̀ débi tí télọ̀ bíi tèmi fi yé.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé òyìnbó nìkan ni mo ti rí i kà. Ṣé Yorùbá ò lè gbé e ni? Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn èèyàn ẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí òyìnbó fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò wà níbẹ̀, sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, wọ́n kọ ìwé ẹ̀ fúnra wọn, àwọn ọmọ ọ̀hún sì mọ̀wé ju ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan òyìnbó pàápàá. Ẹni tó bá lè túmọ̀ ìtàn Henrietta díẹ̀díẹ̀ fún ìwé ìròyìn yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo kù síbi kan, ibẹ̀ ló sì sún mọ́ mi jù. Bàbá tó bí bàbá mi, oníṣòwò kòkó ni, ó ní ìwé lẹ́jà ńlá kan tó ń kọ gbèsè sí níwájú, ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí, ẹni tó kú, ẹni tó ṣègbéyàwó, ilẹ̀ tí wọ́n rà àti ẹni tó jẹ́rìí sí i. Nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ páànù ilé, wọ́n fi àpótí ẹ̀ sílẹ̀ níta, òjò wọ inú ẹ̀ mọ́jú. Ìwé náà lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ. Ojú ewé mẹ́ta péré la rí ṣí, lórí ọ̀kan ó kọ ọ́ pé, "Ọjọ́ Ẹtì, a bí obìnrin, òjò ò jẹ́ kí a lè sá kòkó." Ọmọ yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Ìyá Àgbà tó tọ́ mi. Ìyẹn nìkan la fi mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i.

Ọdún náà ni mo ka bí ìwé ìtàn Yorùbá ti Samuel Johnson ṣe dé ọwọ́ wa, ó sì gbé mi dìde nílẹ̀. Pásítọ̀ ni l'Ọ́yọ̀ọ́, ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà, ó kọ ọ́ tán ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó láti tẹ̀, ó sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901 láìrí i. Àbúrò ẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún kó gbogbo nóòtù jọ tó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tó tún fi ránṣẹ́ ní 1916, ogun wà lóde, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé tó jáde, Obadiah náà ti kú. Ìwé ńlá ni, ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹni tó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì lè bínú sí i, síbẹ̀ ẹ kà á.

Èmi náà wá ra ìwé nóòtù, mo ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n dé ọ̀dọ̀ àǹtí bàbá mi, mo ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, tí mo bá délé màá kọ ọ́. Ibi tí oríkì bá ti há wọn lẹ́nu, Àwọn Oríkì Orílẹ̀ tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní 1967 ni mo máa ń ṣí, torí ọmọ Oníkòyí ni wá, ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí mo kà á sí Ìyá Àgbà létí, kò tíì pẹ́ tó fi gbà á lẹ́nu mi, ó ń kì í lọ, ó kọjá ibi tí ìwé dé. Nóòtù kejì ni mo wà báyìí.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, Olóòtú, ìdajì ojú ewé péré lọ́sẹ̀, kí àwọn òǹkàwé máa kọ ìwé tí wọ́n kà tó wọ̀ wọ́n lára, kí wọ́n sì sọ ibi téèyàn ti lè rí i. Tẹ́ ẹ bá lè máa gbé ìtàn jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bíi ti Akéde Èkó, a máa rà á.

Ẹ bá mi fi èyí kún un o. Mò ń wá Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí I.B. Akínyẹlé kọ ní 1911, kó tó di Olúbàdàn, mo rò pé màá rí orúkọ àdúgbò wa níbẹ̀. Ẹni tó bá ní in nílé, kó kọ̀wé sí yín, màá wá bá a níbikíbi tó bá wà n'Ìbàdàn, màá ṣe fótókọ́pì ẹ̀ lójú ẹ̀, màá sì dá a padà lọ́jọ́ náà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Télọ̀ ní Mọ́níyà, Ìbàdàn