Kì í ṣe fàájì ló gbé àwọn ọmọ yunifásítì dé ìdí báǹkì orí fóònù

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ń ta oúnjẹ fún àwọn ọmọ Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè, ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín ni ọ̀rọ̀ táwọn àgbà kan ń sọ kiri pé fàájì àti ojú ayé ló jẹ́ káwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ṣe báǹkì lórí fóònù. Ẹ má bínú sí mi, irọ́ ni.

Owó ilé ìwé gan-an, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń san án. Ẹ̀yáwó NELFUND fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń béèrè fún un, 20,000 náírà ìgbọ́bùkátà tó ń bọ̀ lóṣooṣù, inú akáǹtì ló ń wọ̀. Ìyá tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ tó fẹ́ fowó gàrí ránṣẹ́ sọ́mọ (gàrí náà ti gbówó lórí o), ṣé á wọ mọ́tò wá Àgọ́-Ìwòyè torí ẹ̀ ni?

Ẹ sì rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó tí tuntun ò sì kárí. Olóúnjẹ tí ò bá gba transfer nígbà yẹn, kó ká ìkòkò ẹ̀ lọlé ni. Ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù fi máa sọ ní March 3 pé ká ṣì máa ná owó àtijọ́, nọ́ńbà akáǹtì ti wà lára ògiri gbogbo wa, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, tún wá fagi lé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí à ń gbowó lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù ní ATM báǹkì tí kì í ṣe tiwa, láti March 2025, 100 náírà ni wọ́n ń yọ lórí 20,000, tí ATM bá wá wà níta báǹkì, owó míì tó lè tó 500 tún lè gorí ẹ̀. Ta ló máa san ìyẹn kó tó jẹ ráìsì?

Èyí tó kù, ọ̀rẹ́ ni. Ọmọ 100 level á ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé pẹ̀lú káàdì ATM ẹ̀, kó tó mọ ọ̀nà kíláàsì, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ti bá a ṣí OPay tàbí PalmPay, àwọn áàpù báǹkì orí fóònù, lórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ńbà fóònù ẹ̀ náà ni akáǹtì, ẹ ṣáà yọ òdo iwájú kúrò. Báǹkì lè fi ìpolówó kún gbogbo títì Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnu ọ̀rẹ́ lọmọ yẹn ń wò. Bówó ẹnì kan bá sì há, kílẹ̀ tó ṣú gbogbo họ́sítẹ́lì ti gbọ́, wọ́n á sì jọ kó kúrò nínú áàpù yẹn ni.

Ìbẹ̀rù wà o. Ọmọ á na fóònù sí mi, "Mọ́mì, ẹ wò ó, ó ti lọ," máàkì tútù yọ lójú fóònù tiẹ̀, èmi wo tèmi, kò sí nǹkan kan. Oúnjẹ ti wà nínú abọ́. Mi ò lè dà á padà síkòkò, mi ò sì lè ní kó máa lọ, torí ayédèrú alert ti pọ̀ jù nílùú, la bá jọ ń wo ara wa títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé. Mo mọ èyí tó jókòó tì mí títí tó fi pàdánù lẹ́kíṣọ̀.

Torí náà, báǹkì tó bá fẹ́ ká fọkàn tán òun, kó gbé èèyàn ẹlẹ́ran ara sítòsí géètì yunifásítì, ẹni tá a máa rí bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tówó bá há. Ẹ bá wa fi èyí sínú ìwé ìròyìn yín kí wọ́n lè rí i.

Èmi ni,
Ìyá Olóúnjẹ,
Àgọ́-Ìwòyè.