Saruman kò ṣàì ní ọ̀nà àbáyọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn ọ̀dàlẹ̀ inú ìtàn àròsọ, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Saruman, oṣó tó da àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú The Lord of the Rings tí J. R. R. Tolkien kọ, ikú nìkan ló kù fún un, nítorí pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n ta kò ó díẹ̀.

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ há mọ́ oṣó náà. Àwọn ọmọ ogun tó rán lọ sí Helm's Deep ti parun, àwọn Ent tí í ṣe olùṣọ́ igi sì ti darí odò bo Isengard, ibùdó rẹ̀, débi pé inú ilé gogoro Orthanc nìkan ló kù tó lè forí pamọ́ sí. Kò lè sá tọ Sauron, olúwa òkùnkùn ilẹ̀ Mordor, lọ, nítorí pé ó ti da òun pẹ̀lú: ó ń díbọ́n pé òun ń sìn ín, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló ń wá Òrùka agbára Sauron fún. Nígbà tó sì fi ohùn dídùn rẹ̀ bẹ Théoden, ọba Rohan, pé kí àwọn jọ parí ìjà, ọba ní ọjọ́ tí òun bá rí i lórí igi tí wọ́n so ó rọ̀ sí ni àlàáfíà yóò tó wà.

Síbẹ̀, níbẹ̀ gan-an ni Gandalf, oṣó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti ṣí ọ̀nà fún un. Kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ Orthanc àti ọ̀pá rẹ̀ ṣe ìdógò tí wọn yóò dá padà bí ìwà rẹ̀ bá yẹ bẹ́ẹ̀, kí ó sì máa lọ síbi tó wù ú, ìbáà jẹ́ Mordor. Èmi kò rò pé ọ̀pọ̀ aṣẹ́gun lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Saruman ṣiyèméjì, ó kórìíra àtidúró, ẹ̀rù àtijáde sì ń bà á, ṣùgbọ́n ìgbéraga borí. Ìgbà yẹn ni Gandalf tó ṣẹ́ ọ̀pá Saruman, tó sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn oṣó.

Èyí tí òǹkọ̀wé yín fò ni pé Treebeard, àgbà Ent, tún dá a sílẹ̀ nígbà tó yá, pé Gandalf tún fẹ́ ràn án lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá a lójú ọ̀nà bí alágbe, àti pé ní Shire tó ti bàjẹ́, ilẹ̀ àwọn Hobbit tí í ṣe ènìyàn kúkúrú, Frodo, Hobbit tí Saruman fẹ́ fi ọ̀bẹ gún, kọ̀ kí wọ́n pa á. Bóyá fíìmù ló ṣì í lọ́nà, nítorí pé wọ́n yọ Saruman kúrò nínú èyí tí wọ́n gbé sí sinimá ní 2003, nínú ẹ̀dà tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ sì rèé, Orthanc ló kú sí.

Bí a bá ń wá ọ̀dàlẹ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ há ní tòótọ́, Gríma, olùdámọ̀ràn Théoden tó di ìránṣẹ́ Saruman, ni kí a yẹ̀ wò. Frodo ní kí ó dúró, kí ó jẹun, kí ó sinmi, ṣùgbọ́n Saruman tú àṣírí rẹ̀ lójú gbogbo ayé pé Gríma ló pa Lotho, Hobbit kan, ó sì ta á nípàá. Gríma fi ọ̀bẹ gé ọ̀gá rẹ̀ lọ́fun, ó sì sá, àwọn tafàtafà Hobbit sì ta á pa kí Frodo tó lè la ẹnu.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan ní Abẹ́òkúta